Rédíétọ̀ hítà ọkọ̀ fún kọ̀ǹpútà olómi: èwo ni ká mú, kí la máa ṣe tí kò fi ní jẹ?

Ọmọ_Gate (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Mo ń to kọ̀ǹpútà kan fún iṣẹ́ fídíò. i9-13900K ti Intel ni CPU, ìyẹn ọpọlọ, inú rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ooru rẹ̀ kì í ṣe kékeré: Intel fúnra wọn kọ ọ́ síwèé pé ó lè fa 253 wọ́ọ̀tì nígbà tó bá ń sáré dé góńgó. Ní yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí NEPA bá mú iná, AC kú nìyẹn, torí jẹnẹrétọ̀ mi ò lè gbé AC àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Ẹ wá wo bí fáànù orí CPU ṣe máa ń pariwo lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Omi ni mo fẹ́ fi tù ú.

Mo ti ní pọ́ńpù omi D5, mo sì ti ní water block, ìyẹn irin tó ń jókòó lórí CPU tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, bàbà ni ìdí rẹ̀. Rédíétọ̀ ló kù. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kọ̀ǹpútà wọ́n, kì í sì í pọ̀ lọ́jà. Àmọ́ mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, rédíétọ̀ hítà tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, wà nílẹ̀ ní òkìtì, kékeré, ńlá, pẹlẹbẹ, kíki. Ẹni tó ń tà á ní gbogbo rẹ̀ ló dáa, kí n ṣáà mú èyí tó bá wù mí. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí ìdáhùn yẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ bàbà àti èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù? Ṣé ó tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan tí mo bá ti da kúláǹtì sí i? Ọ̀rẹ́ mi kan ní omi bátìrì nìkan ni kí n lò. Òmíràn ní píọ̀ wọ́tà lòun ń lò, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ_Ládìípọ̀ (Mushin)

Ọmọ_Gate, o káre tó o bèèrè kó o tó sanwó.

Iṣẹ́ rédíétọ̀ ni bàbá mi ń ṣe, ẹ̀yìn wọn ni mo sì dàgbà sí. Má wo àwọ̀. Dúdú ni wọ́n sábà máa ń kùn wọ́n. Mú ọ̀bẹ tàbí fáìlì, kó o fá etí táǹkì rẹ̀ díẹ̀. Tó bá pọ́n, bàbà ni. Tó bá yí sí àwọ̀ wúrà, idẹ ni. Tó bá funfun, má tíì pariwo alumíníọ̀mù o, torí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o máa ń bo ojú idẹ, òun náà sì funfun. Fá a wọlé sí i. Tó bá funfun títí wọnú, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, alumíníọ̀mù ni. Tó bá ṣì ń ṣe ọ́ ní iyèméjì, gbé irin lẹ́ẹ̀dì gbígbóná sí i: lẹ́ẹ̀dì máa ń mú bàbà àti idẹ, àmọ́ lára alumíníọ̀mù, ńṣe ló máa ṣùpọ̀ tí á bọ́ sílẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, kò mú ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí táǹkì rẹ̀ bá sì jẹ́ ike tí wọ́n fi eyín irin há mọ́ra, lọ́pọ̀ ìgbà alumíníọ̀mù ló wà láàrin rẹ̀, kódà o lè fò ó kọjá.

Ohun tí ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún ẹ nìyí: nílùú wa níbí, ta ló ń tan hítà? Tí hítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú, mẹkáníìkì á yọ họ́ọ̀sì méjèèjì, á so wọ́n pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ parí. Rédíétọ̀ hítà yẹn á wá wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú omi ìdajì tó ti kan, ọdún á máa gorí ọdún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á kùn ún, ó di ọjà. Torí náà, mú Bẹ́líjíọ̀mù gidi, èyí tó bá kóńténà wọlé, má mú èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti lo ìgbà níbí. Wo ẹnu páìpù rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tí inú rẹ̀ bá pọ́n kí, pẹ̀lú ẹrẹ̀, irin ẹ́ńjìnnì tó dógùn-ún ló ṣàn wọbẹ̀. Ìyẹn ṣì ṣeé fọ̀. Àmọ́ tó o bá rí àwọ̀ ewé lára ojú ibi tí wọ́n ti jó o láti ìta, ibẹ̀ ti ń sun omi nìyẹn.

Kó o tó san kọ́bọ̀, ní kí wọ́n dí ẹnu kan, kí wọ́n fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fún un ní atẹ́gùn lẹ́nu kejì nínú báàfù omi. Rọra fún un o. Tó bá hó, fi sílẹ̀.

Àgbà_Houston

Ọ̀rọ̀ yìí mú inú mi dùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé ọgbọ́n àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ni lílo hítà ọkọ̀. Rárá o. Níbí ní Amẹ́ríkà, láàárín nǹkan bí ọdún 2000 sí 2004, òun gan-an ló gbayì jù láàárín àwa tá à ń fún CPU ní iná kọjá ohun tí ilé-iṣẹ́ pa láṣẹ. Rédíétọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún kọ̀ǹpútà ò tíì pọ̀ nígbà náà. Ilé ìtajà ẹ̀yà ara ọkọ̀ la máa ń gbà lọ, a ó ní kí wọ́n fún wa ní hítà Pontiac Bonneville ti 1977. Akọ̀wé á bèèrè pé ṣé ọkọ̀ yẹn la ní. A ò ní in, a ò sì fẹ́ ẹ. Ohun tó mú wa máa wá tirẹ̀ ni pé fáànù onímìlímítà 120 méjì máa ń jókòó lé e lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ẹni wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò bá ní àyè nínú kesi, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, á mú ti Chevrolet Chevette, tó gba fáànù kan. Pọ́ńpù ẹja ni a fi ń ti omi, Eheim 1048 tàbí 1250 ti Jámánì. Lẹ́yìn náà ni Hardware Labs ti ìlú Philippines tan Black Ice, rédíétọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún kọ̀ǹpútà, kálẹ̀, nǹkan bá yí padà.

Kí ló mú kó dáa? Ọ̀nà omi inú hítà ọkọ̀ gbòòrò, kò há, torí náà pọ́ńpù kékeré ò ní ṣòpò. Ìyẹ́ rẹ̀ kì í fún mọ́ra jù, fáànù tó ń rọra yí lè fẹ́ atẹ́gùn gbà á kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ihò síkúrù tí wọ́n lè fi de fáànù, ẹnu páìpù rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ínṣì 5/8 àti 3/4, nígbà tí họ́ọ̀sì tiwa jẹ́ 1/2. O ní láti gé e, kó o jó òmíràn mọ́ ọn.

Ilé-iṣẹ́ ńlá gan-an tọ ọ̀nà yẹn. Nígbà tí Apple gbé Power Mac G5 oní-2.5 GHz jáde ní 2004, omi ló ń tù ú, Delphi tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló sì ṣe ẹ̀rọ ìtutù náà fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà jò, tó ba ẹ̀rọ olówó iyebíye jẹ́. Torí náà, má fi ojú kéré ìjò.

Bàbà àti idẹ ni kó o mú. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn onímọ̀ wà níbí.

Oníbíítù_Ọ̀jọ́

Ẹ bá mi wá rédíétọ̀ hítà ti Bíítù mi náà o, mo ti tú ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀, mi ò rí i. 😂

Ọmọ_Ládìípọ̀ (Mushin)

@Oníbíítù_Ọ̀jọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ atẹ́gùn, òun ló ń tu ẹ́ńjìnnì yẹn.

Àdùkẹ́_Kẹ́mísìrì (Ifẹ̀)

Ẹ kú ìjíròrò o. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí bàbà fi gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú bàbà.

Tí irin oríṣi méjì bá wà nínú omi kan náà, tí iná sì lè ti ara ọ̀kan dé ara èkejì, ọ̀kan á máa jẹ kí èkejì lè wà láìfarapa. Alumíníọ̀mù ló máa ń jẹ, bàbà ló máa ń yè é. Nínú ìwé, ipò iná (volt) alumíníọ̀mù jẹ́ fóòtì 1.66 nísàlẹ̀ òdo, ti bàbà jẹ́ 0.34 lókè rẹ̀: fóòtì 2 ló wà láàárín wọn. Nínú omi gidi, àlàfo náà kì í tó bẹ́ẹ̀, torí awọ oxide fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ara alumíníọ̀mù, àmọ́ ẹni tó máa jìyà kò yí padà.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: "Rọ́bà ló wà láàárín rédíétọ̀ àti water block, wọn ò fara kan ara wọn." Lákọ̀ọ́kọ́, rédíétọ̀ tí wọ́n fi síkúrù de mọ́ kesi irin lè bá water block pàdé lọ́nà ẹ̀yìn, torí ohun gbogbo inú kọ̀ǹpútà ló ń padà sí kesi nípasẹ̀ wáyà ilẹ̀. Ìkejì, èyí tó burú jù, kò nílò wáyà kankan. Bàbà máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Bó bá ti ṣàn dé orí alumíníọ̀mù, á padà di bàbà lójú ibẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì yọ́ lọ. Kálukú ẹ̀rún bàbà yẹn ti di bátìrì kékeré lójú ibi tó jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí rédíétọ̀ alumíníọ̀mù kì í fi í tín-ín-rín níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ibì kan ló máa ń lu, abẹ́rẹ́ ni ihò náà, ibẹ̀ ló sì ti ń jò.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i fúnra rẹ̀, kó wá kọ́pà sọ́féètì díẹ̀, èyí táwọn àgbẹ̀ kòkó fi ń po oògùn tí wọ́n ń fín. Pò ó mọ́ omi nínú ìfe, bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kó o ju bébà fọ́ìlì sínú rẹ̀. Omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, fọ́ìlì á máa lu, ohun pupa á sì máa jókòó sí ìsàlẹ̀. Bàbà ni ohun pupa yẹn. Iyọ̀ ló já awọ oxide náà, ohun tí iyọ̀ inú omi kànga àti omi ẹ̀rọ sì ń ṣe nínú rédíétọ̀ rẹ gan-an nìyẹn, kàn jẹ́ pé ó rọra ń ṣe é ni.

Alumíníọ̀mù tó yọ́ náà kì í sì í pòórá. Ó máa ń di ohun funfun kan tó ń fà bí ẹ̀kọ mímu, á lọ há sáàárín àwọn ọ̀nà tóóró inú water block. Ooru CPU á máa gòkè, ìwọ á rò pé páàsì tí wọ́n ń fi sáàárín CPU àti water block ló gbẹ.

Tóbi_OC (Ìkẹjà)

Ma, mi ò bá yín jiyàn kẹ́mísìrì, àmọ́ ẹ dá mi lóhùn lórí ìkan yìí. Ìtutù olómi tí wọ́n ti dí pa láti ilé-iṣẹ́, èyí tá a ń pè ní AIO, tó kún ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà fọ́fọ́, ṣebí alumíníọ̀mù ni rédíétọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn? Bàbà sì ni ìdí water block wọn. Mo ti tú wọn wò. Àwọn èèyàn sì ń lò ó fún ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́fà, kò jò. Tó bá burú tó bẹ́ẹ̀, ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ò mọ̀ ni?

Lójú tèmi, kí Ọmọ_Gate mú alumíníọ̀mù olówó pọ́ọ́kú, kó da kúláǹtì gidi sí i. Ọkọ̀ náà ní alumíníọ̀mù àti irin pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kan náà, kúláǹtì ló ń dáàbò bò wọ́n.

Àdùkẹ́_Kẹ́mísìrì (Ifẹ̀)

Tóbi, ìbéèrè tó dáa ni. Wọ́n mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dí i pa. Omi inú AIO ti ní glycol àti oògùn adènà ìpẹtà tí wọ́n wọ̀n síbẹ̀ fún àwọn irin tí wọ́n mọ̀, atẹ́gùn díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì máa ń tán láìpẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣí i kó bu omi kànga sí i. Síbẹ̀ náà, wọn ò sọ pé títí ayé ni. Lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá gé họ́ọ̀sì rẹ̀ tó tún un bu omi sí, ààbò yẹn ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó o mú wá, òótọ́ ni, àmọ́ wo ohun tí onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní kí ẹ máa ṣe: ẹ máa pa kúláǹtì dà ní àsìkò rẹ̀. Oògùn inú rẹ̀ máa ń tán. Lẹ́yìn tó bá tán, ta ló máa sọ fún Ọmọ_Gate? Àwọ̀ kì í yí padà lọ́jọ́ tí oògùn bá tán. Ẹni tó fi bàbà pẹ̀lú bàbà kò gbára lé oògùn bẹ́ẹ̀. Tó bá gbàgbé, ó ṣì ní àyè. Ẹni tó da irin méjèèjì pọ̀ ti ń bá àsìkò sáré, kò sì mọ ibi tí ó parí sí.

Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù lèèyàn fẹ́, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, water block pẹ̀lú. EK ti Slovenia gbé irú ẹ̀ jáde ní 2017, Fluid Gaming lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀yà bàbà tiwọn. Ọmọ_Gate ti ra water block bàbà, torí náà ìyẹn ò kàn án mọ́. Èyí tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò lórí bàbà kì í ní wàhálà púpọ̀ pẹ̀lú bàbà àti idẹ.

Tóbi_OC (Ìkẹjà)

Ó yé mi, ma. Ti AIO yẹn ni mo fara mọ́. Ti kúláǹtì, mo ṣì gbà pé ẹni tó bá ń pa á dà lásìkò lè lò ó. Àmọ́ mo mọ ara wa ní Nàìjíríà, ta ló ń pa kúláǹtì ọkọ̀ gan-an dà?

Ọmọ_Gate (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an ni, ma. Bàbà ló kù báyìí. Ọ̀rọ̀ omi wá ńkọ́? Omi tó ń kán láti ẹ̀yìn AC kúkú mọ́ gaara, àbí ìyẹn náà ò dáa? Òjò sì wà.

Àdùkẹ́_Kẹ́mísìrì (Ifẹ̀)

Omi òjò tó bá gba orí páànù kọjá ti kó síǹkì àti eruku. Omi AC ti ṣàn lára ìyẹ́ alumíníọ̀mù àti páìpù bàbà, ó sì ti kó kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú páànù ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn lómi tó ń rùn nígbà míì. Píọ̀ wọ́tà mọ́ fún mímu, àmọ́ wọn ò yọ iyọ̀ inú rẹ̀ tán. Omi kànga adẹ́rọ ní àwọn àdúgbò kan ní irin nínú, ẹ ti rí bó ṣe ń kun báàfù ní pupa. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, mi ò ní fọwọ́ sí ìkankan.

Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba oru rẹ̀ pa dà sí omi, ìyẹn omi distilled, ni kó o wá. Òun ni omi bátìrì tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀: ẹni tó ń ṣe bátìrì ń ta ásíìdì náà, ìgò méjèèjì sì lè jọra. Ásíìdì sọ́fúríìkì nínú water block, a ò ní rírú ẹ̀. Mítà TDS kékeré tí àwọn tó ń ta omi fi ń wọn iyọ̀ inú omi ti tó láti yẹ̀ ẹ́ wò: omi distilled gidi á sún mọ́ òdo, ásíìdì á gbé mítà náà fò lókè.

Omi distilled nìkan fún bàbà àti idẹ lè ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í dá nìkan dúró pẹ́. Bó ṣe ń pàdé atẹ́gùn, ó ń fa carbon dioxide, ó ń kan díẹ̀díẹ̀. Ó dáa kí oògùn adènà wà nínú rẹ̀. Fún bàbà, ìdílé triazole ni oògùn náà. Ó máa ń tẹ́ awọ kan sórí bàbà téèyàn ò lè fojú rí. Ọ̀pọ̀ kúláǹtì ọkọ̀ ní in. Kúláǹtì tí ò tíì lómi nínú, ìdá 25 sí 30 nínú 100, omi distilled ìyókù, ti tó. A ò ní yìnyín ní Ìbàdàn, kò sí ohun tí a ó fi ìdajì ṣe. Glycol kì í gbé ooru tó omi: kìló kan omi ń gba kílójúùlù 4.18 kó tó gbóná kọjá dígíríì kan, glycol kò ju nǹkan bíi 2.4 lọ. Àmọ́ má tún dín in jù o. Glycol tó kéré jù nínú omi, oúnjẹ ló jẹ́ fún bakitéríà.

Ọmọ_Peckham

Mo fẹ́ fi ìkan kún ti aunty. Níbí ní London, gbogbo ènìyàn ló ń fi àwọ̀ mọ kúláǹtì: aláwọ̀ búlúù, pínńkì, ewéko. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Aró lásán ni, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kùn ún bó ṣe wù ú. Ohun tó wà lẹ́yìn ìgò ni kẹ́ ẹ kà. Èyí táwọn Yúróòpù ń ṣe kì í sábà ní phosphate, torí omi wọn ní ẹfun púpọ̀, phosphate á sì bá a dì, á di ìgbá lára páìpù. Táwọn ará Japan sì ní phosphate, kì í sì í ní silicate. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po kúláǹtì Toyota pẹ̀lú omi kànga, ẹ rántí eléyìí. Pẹ̀lú omi distilled, kò sí wàhálà. Ẹ má sì da oríṣi méjì pọ̀ sínú ẹyọ kan.

Ọmọ_Ládìípọ̀ (Mushin)

Ó kù sọ́wọ́ oníṣẹ́ báyìí.

Nígbà tó o bá gbé hítà náà lọ kí wọ́n bá ẹ gé páìpù rẹ̀, kí wọ́n jó èyí tó bá họ́ọ̀sì rẹ mu mọ́ ọn, wàá rí i tí ọ̀gá á ti búrọ́ọ̀ṣì kan bọ inú ìgò, á fi pa ojú ibẹ̀, èéfín á ru, lẹ́ẹ̀dì á sì sáré bo ojú ibẹ̀ kíá. Ásíìdì tí wọ́n ti ju síǹkì sí ló wà nínú ìgò yẹn. Òun ló ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú. Nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò bìkítà, torí omi ẹ́ńjìnnì pọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo omi rẹ̀ ò ju lítà kan lọ, ìwọ̀nba tó bá kù nínú táǹkì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Síǹkì klọ́ráídì ni, ó ń gba omi mọ́ra, ó sì ń jẹ bàbà láìdáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ hítà tuntun inú ọ̀rá gan-an ní in láti ilé-iṣẹ́.

Nítorí náà, omi gbígbóná. Bu ú kún inú rẹ̀, mì ín, dà á sínú báàfù funfun, wò ó. Ṣe é títí tí omi ò fi ní àwọ̀ mọ́, tí ẹrún kankan ò sì sí nísàlẹ̀ báàfù. Tí ẹfun bá lẹ̀ mọ́ ọn nínú, kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi omi là lè yọ ọ́, má ṣáà fi sílẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi distilled ni kó o fi ṣan án kẹ́yìn, kó o fi mítà TDS wọn èyí tó jáde. Bí èyí tó wọlé àti èyí tó jáde bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, ó ti mọ́.

Má lo Jíìkì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ dámọ̀ràn rẹ̀.

Tóbi_OC (Ìkẹjà)

Èmi gan-an ni mo fẹ́ dámọ̀ràn Jíìkì 😅.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti atẹ́gùn. Má lẹ fáànù mọ́ ojú ìyẹ́ hítà náà tààrà. Àárín fáànù kì í fẹ́ atẹ́gùn, ibi tí mọ́tò rẹ̀ bò yẹn á di òkú ojú. Fi páálí líle tàbí ike ṣe àpótí tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún láàárín wọn, kó o fi téèpù dí etí rẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa sá gba ẹ̀gbẹ́.

Àwọn kan á máa jà pé rédíétọ̀ ni kí omi kọ́kọ́ dé, kó tó dé CPU. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: tí pọ́ńpù bá ń ti lítà mẹ́rin kọjá ní ìṣẹ́jú kan, 253 wọ́ọ̀tì yẹn ò lè mú kí omi tó jáde fi dígíríì kan gbóná ju èyí tó wọlé lọ. Ibi tó bá rọrùn fún họ́ọ̀sì ni kó gbà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí pọ́ńpù wà nísàlẹ̀ táǹkì omi, kó má mu atẹ́gùn.

Kí o sì mọ̀ pé omi ò lè tutù ju yàrá lọ. Tí yàrá bá wà ní dígíríì 32, omi rẹ á wà lókè 32. Lo họ́ọ̀sì dúdú, ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí ewéédò hù nínú èyí tó mọ́ gaara.

Ọmọ_Gate (Ìbàdàn)

Mo dé Gate pa dà. Ọ̀kan wà tó gba fáànù méjì, mo fá táǹkì rẹ̀, ó ní àwọ̀ wúrà. Páìpù rẹ̀ pọ́n. Kò hó nínú omi. Àmọ́ àwọ̀ ewé díẹ̀ wà ní igun kan níbi tí táǹkì àti páìpù ti pàdé. Ẹni tó ń tà á ní eruku ni. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, fáànù kan péré ló gbà.

Ọmọ_Ládìípọ̀ (Mushin)

Kì í ṣe eruku. Fi ìka fá a. Tó bá bọ́ tí abẹ́ rẹ̀ sì dán, ó lè jẹ́ pé omi ìta ló kán sí i. Tó bá ní kòtò lábẹ́, fi sílẹ̀, àyàfi tó o bá fẹ́ ní kí wọ́n tún gbogbo igun yẹn jó. Láàárín méjèèjì, èmi á mú olófáànù kan, kó o wá òmíràn bíi rẹ̀ kó o so wọ́n tẹ̀ léra.

Àgbà_Houston

Mo fara mọ́ ọn. Bonneville tá a máa ń fi yangàn nígbà náà kò níye lórí mọ́ tó bá ń sun omi lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Kó o tó tan kọ̀ǹpútà, so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìbu omi sí i, kó o fún un ní atẹ́gùn dé nǹkan bíi 0.5 bar, kó o wo géèjì bóyá ó ń sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, bu omi sí i, kó o jẹ́ kí pọ́ńpù nìkan ṣiṣẹ́ mọ́jú, pẹ̀lú tíṣù lábẹ́ gbogbo ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ páìpù.

Ọmọ_Gate (Ìbàdàn)

Kòtò ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti mú olófáànù kan, wọ́n sì ní èkejì ń bọ̀ nínú kóńténà tó ń bọ̀. Ìgbà wo ni kí n máa pa omi rẹ̀ dà, ma? Kí n sì da ògbólógbòó síbo?

Àdùkẹ́_Kẹ́mísìrì (Ifẹ̀)

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó fún bàbà àti idẹ. Àmọ́ ní oṣù kìíní tàbí èkejì, yọ díẹ̀ sínú ìfe funfun kó o wò ó. Tó bá yí sí àwọ̀ ewé tí kúláǹtì rẹ kì í sì í ṣe aláwọ̀ ewé, bàbà ti ń yọ́, ìdọ̀tí ásíìdì ọjọ́un ló kù síbẹ̀. Dà á nù, ṣan án, tún un bu. Tí táǹkì omi rẹ bá jẹ́ akiríìlì, má fi sípírítì nù ún o, á sán.

Ògbólógbòó rẹ̀, má dà á sí gọ́tà. Ethylene glycol dùn lẹ́nu, ewúrẹ́ àti ajá á lá a, kíndìnrín ló sì ń bà jẹ́. Ọmọdé náà ńkọ́. Rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kọ orúkọ rẹ̀ sí i gàdàgbà, kó o gbé e fún àwọn mẹkáníìkì tó ń kó ọ́ìlì jọ fún àwọn tó ń rà á. Tó o bá rí èyí tó jẹ́ propylene glycol rà, mú un, òun kò ní májèlé tó bẹ́ẹ̀.

Oníbíítù_Ọ̀jọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní olófáànù kan kejì yẹn, kó fi ìsọfúnni sí ìnbọ́ọ̀sì Ọmọ_Gate. Èmi náà ti fẹ́ ra kọ̀ǹpútà báyìí.